Bí Èròjà Ilẹ̀ Ṣe Ń Dé Ara Màlúù: Láti Inú Ilẹ̀ sí Koríko, Láti Koríko sí Ẹran

Àlàyé fún àwọn ọlọ́sìn màlúù, àwọn àgbẹ̀ àti gbogbo olùgbé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́

Ní ọdún 2019, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe òfin tí ó ń ṣe àkóso dída ẹran jẹ̀ ní gbangba. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ nípa ọgbà ẹran, ìyẹn ilẹ̀ tí a sọ ọgbà yí ká kí màlúù lè máa jẹ̀ nínú rẹ̀, ti ń gba ẹnu àwọn ènìyàn kan. Wọ́n ń béèrè nípa omi, nípa irúgbìn koríko, nípa wáyà ọgbà àti nípa ààbò. Ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà gbọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni ó lè pinnu bóyá ọgbà náà yóò mú èrè wá: kí ni ó wà nínú ilẹ̀ tí koríko náà ń hù lórí rẹ̀?

Oríṣiríṣi ilẹ̀ ni màlúù tí a ń dà kiri ń jẹ̀ lé lórí. Lónìí ó wà ní àkùrọ̀, lọ́la ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè, ní ọ̀túnla ó ń jẹ pòròpórò nínú oko tí a ti kórè. Ohun tí ilẹ̀ kan kò ní, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ kejì ní in. Màlúù inú ọgbà kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ni ó ń bọ́ ọ. Bí ohun kan kò bá tó nínú ilẹ̀ náà, kò ní tó nínú koríko. Bí kò bá tó nínú koríko, kò ní tó nínú egungun màlúù, nínú wàrà rẹ̀ àti nínú ara ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ sin màlúù sójú kan ní láti kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ rẹ̀. Ohun tí àlàyé yìí dá lé lórí nìyí.

Kí ni a ń pè ní èròjà ilẹ̀?

Kì í ṣe àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì tí a ń wà láti tà, bíi góòlù tàbí òkúta iyebíye, ni a ní lọ́kàn. Èròjà ilẹ̀ tí a ń sọ níhìn-ín ni àwọn ohun tí ara ẹran nílò tí ẹran kò lè dá ṣe, tí koríko pàápàá kò lè dá ṣe. Láti inú òkúta àti ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wá.

A lè pín wọn sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni àwọn tí màlúù nílò púpọ̀, tí a fi gíráàmù wọ̀n lójúmọ́: kásíọ̀mù, fọsífọ́rọ́ọ̀sì, magnísíọ̀mù, pọ̀tásíọ̀mù, sódíọ̀mù àti imí-ọjọ́. Èkejì ni àwọn tí ó nílò ní ìwọ̀n kékeré gan-an, àmọ́ tí àìsí wọn lè pa á: irin, bàbà, síńkì, kóbáàtì, áyódíìnì àti sẹlẹ́níọ̀mù. Nínú kílógíráàmù kan oúnjẹ gbígbẹ, bàbà tí màlúù nílò kò ju nǹkan bí mílígíráàmù 10 lọ. Ti kóbáàtì kò ju ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá mílígíráàmù kan lọ. Ìwọ̀n tí ojú kò lè rí ni, ṣùgbọ́n ara màlúù mọ̀ bí kò bá sí.

Nínú gbogbo kásíọ̀mù tí ó wà lára màlúù, nǹkan bí ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó wà nínú egungun àti eyín. Nínú fọsífọ́rọ́ọ̀sì, nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó wà níbẹ̀. Ìyókù ni ó ń bá ẹ̀jẹ̀, iṣan àti àwọn ẹ̀yà inú ṣiṣẹ́.

Ilẹ̀ wa: òkúta, òjò àti ọyẹ́

Apá tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó jáde láti ara akọ òkúta àtayébáyé, irú èyí tí ó yọrí sókè ní Ṣakí, ní Igbẹ́tì àti ní Àdó-Àwáyè. Oòrùn, òjò àti gbòǹgbò igi ni ó ń fọ́ òkúta náà díẹ̀díẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún títí tí ó fi di ilẹ̀. Bí òkúta bá ti ń fọ́ ni èròjà inú rẹ̀ ń tú sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n òjò kan náà tí ó ń tú èròjà sílẹ̀ ni ó ń wẹ̀ ẹ́ lọ. Ilẹ̀ oníyanrìn kò lè di èròjà mú pẹ́. Ilẹ̀ tí ó ní amọ̀, tí ewé jíjẹrà àti ìgbẹ́ ẹran sì pọ̀ nínú rẹ̀, ni ó ń dì wọ́n mú. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ orí òkè tí ó kún fún òkúta wẹẹrẹ fi yàtọ̀ sí ilẹ̀ àkùrọ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láàárín wọn. Ohun tí omi wẹ̀ kúrò lókè, ìsàlẹ̀ ni díẹ̀ nínú rẹ̀ ń kó jọ sí.

Akọ òkúta wa kì í sábà ní fọsífọ́rọ́ọ̀sì púpọ̀, nítorí náà ilẹ̀ tí ó ti ara rẹ̀ jáde kì í sábà ní in tó. Ti kásíọ̀mù kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo: òkúta mábù tí a ń wà ní Igbẹ́tì, kásíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ti sódíọ̀mù, ìyẹn èròjà inú iyọ̀, omi tètè máa ń wẹ̀ ẹ́ kúrò nínú ilẹ̀, àti pé Òkè Ògùn jìnnà sí òkun, kò sì rí nínú iyọ̀ tí afẹ́fẹ́ òkun ń gbé wọ ilẹ̀ etíkun.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ní àsìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ń gbé eruku láti ìhà aṣálẹ̀, pàápàá láti agbègbè Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, wá bo ewé àti òrùlé wa. Pọ̀tásíọ̀mù, kásíọ̀mù àti magnísíọ̀mù wà nínú eruku náà. Ó kéré lọ́dọọdún, àmọ́ ó ti ń bọ̀ láti ìgbà pípẹ́ wá, ara ilẹ̀ wa sì ni.

Bí gbòǹgbò ṣe ń gba èròjà

Gbòǹgbò kì í jẹ òkúta, omi ni ó ń mu. Èròjà tí kò bá yọ́ sínú omi inú ilẹ̀ kò wúlò fún koríko, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó. Kásíọ̀mù àti magnísíọ̀mù máa ń bá omi rìn lọ sí ìdí gbòǹgbò. Fọsífọ́rọ́ọ̀sì kì í rìn bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba ibi tí ó lè sún dé nínú ilẹ̀ kò ju mílímítà díẹ̀ lọ, nítorí náà gbòǹgbò ni ó gbọ́dọ̀ nà lọ bá a. Irú olú tíntín kan ń gbé lára gbòǹgbò ọ̀pọ̀lọpọ̀ koríko, tí ó ń na okùn rẹ̀ jìnnà ju gbòǹgbò lọ, tí ó sì ń bá koríko wá fọsífọ́rọ́ọ̀sì. Bí a bá ń ro ilẹ̀ léraléra tàbí tí a bá sọ ọ́ di ìhòòhò, olú yìí ń kú.

Bí ilẹ̀ ṣe kan tó tún ṣe pàtàkì. Nínú ilẹ̀ tí ó kan jù, irin àti alumíníọ̀mù inú ilẹ̀ máa ń gbá fọsífọ́rọ́ọ̀sì mú, gbòǹgbò kò sì ní rí i gbà. Ẹfun òkúta lè dín kíkan náà kù. Ṣùgbọ́n bí a bá da ẹfun jù, kóbáàtì àti síńkì yóò ṣòro fún koríko láti gbà, èròjà mìíràn tí a ń pè ní molíbdẹ́nọ́ọ̀mù yóò sì pọ̀ sí i nínú koríko. A óò rí i níwájú pé molíbdẹ́nọ́ọ̀mù tí ó pọ̀ jù ń ba iṣẹ́ bàbà jẹ́ nínú màlúù. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ da ohunkóhun sórí ilẹ̀ láìkọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo ọlọ́sìn fi sọ́kàn: ohun tí koríko nílò kọ́ ni ohun tí màlúù nílò. Koríko lè dàgbà dáadáa láìsí áyódíìnì àti láìsí sẹlẹ́níọ̀mù. Ọ̀pọ̀ koríko ilẹ̀ olóoru kò bìkítà fún sódíọ̀mù. Nítorí náà, pápá lè tutù yọ̀yọ̀, kí ó fa ojú mọ́ra, kí ebi èròjà sì máa pa màlúù tí ń jẹ̀ nínú rẹ̀.

Irú koríko, ọjọ́ orí rẹ̀ àti àsìkò

Lórí ilẹ̀ kan náà, ewéko méjì kì í gba èròjà dọ́gba. Eèsún, koríko gíní, eruwà àti ẹ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìwọ̀n tirẹ̀. Àwọn ewéko ìdílé ẹ̀wà sábà máa ń ní kásíọ̀mù ju koríko lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewé igi. Àwọn darandaran tí ń gé ẹ̀ka apá àti ọ̀gànwó fún màlúù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti mọ̀ tipẹ́ pé ewé wọ̀nyí ń gbé ẹran dúró. Gbòǹgbò igi jìn ju ti koríko lọ. Ó ń fa èròjà láti ibi tí koríko kò lè dé. Àgúnmánìyẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ń fi sọ ọgbà, wà lára àwọn igi tí ewé wọn wúlò fún ẹran.

Ọjọ́ orí koríko tún ju irú rẹ̀ lọ ní pàtàkì. Koríko tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ní fọsífọ́rọ́ọ̀sì tí ó dára. Bí ó ti ń ga, tí ó ń yọ òdòdó, tí ó sì ń gbó, fọsífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ń dín kù. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ohun tí ó kù ní pápá kò ju igi koríko gbígbẹ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ṣàpẹẹrẹ rẹ̀. Màlúù tí ó wọn 300 kílógíráàmù ń jẹ nǹkan bí kílógíráàmù 7 oúnjẹ lójúmọ́, bí a bá yọ omi inú koríko kúrò. Bí fọsífọ́rọ́ọ̀sì inú koríko tútù bá jẹ́ gíráàmù 2 nínú kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan, màlúù náà yóò rí gíráàmù 14 lójúmọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ó bá wálẹ̀ sí gíráàmù 0.8, tí màlúù kò sì lè jẹ ju kílógíráàmù 5 lọ nítorí pé koríko ti le, gíráàmù 4 péré ni yóò rí. Màlúù kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni, àmọ́ ohun tí ó ń wọlé kò tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe inú koríko nìkan ni èròjà ń gbà dé ẹnu màlúù. Omi odò àti ti kànga ní tirẹ̀. Bí koríko bá kúrú, màlúù máa ń gbé erùpẹ̀ mì pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ó sì ti rí màlúù tí ń lá ògán: ilẹ̀ tí ikán mọ sókè sábà máa ń ní amọ̀ àti kásíọ̀mù ju ilẹ̀ àyíká rẹ̀ lọ.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpòlúkù

Bí màlúù bá ti jẹ̀, tí ó jókòó tí ó ń jẹ àpọ̀jẹ, iṣẹ́ ńlá ń lọ lọ́wọ́ nínú àpòlúkù rẹ̀. Àìmọye ohun abẹ̀mí tíntín tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń gbé ibẹ̀, àwọn ni wọ́n sì ń bá a fọ́ koríko sí wẹ́wẹ́. Àwọn wọ̀nyí pàápàá nílò èròjà ilẹ̀. Kóbáàtì ni wọ́n fi ń ṣe fítámì B12 fún màlúù. Ní ọdún 1935, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Ọsirélíà fi hàn pé àìtó kóbáàtì ni ó ń fa àìsàn kan tí ó ń mú ẹran rù títí tí wọ́n fi ń kú, bí koríko tilẹ̀ kún ilẹ̀ níwájú wọn.

Inú àpòlúkù yìí náà ni èròjà kan ti lè dí èkejì lọ́nà. Bí molíbdẹ́nọ́ọ̀mù àti imí-ọjọ́ bá pọ̀ jù, wọ́n á so mọ́ bàbà, ara kò sì ní lè gbà á. Bí pọ̀tásíọ̀mù bá pọ̀ jù nínú koríko, bóyá nítorí ajílẹ̀ tí a dà láìwọ̀n, magnísíọ̀mù kò ní wọ ara bí ó ti yẹ. Nítorí náà, ìwọ̀n tí ó wà nínú koríko nìkan kò tó láti mọ ohun tí màlúù yóò rí gbà.

Ohun tí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, egungun ni ó ń tọ́jú púpọ̀ nínú rẹ̀. Lítà wàrà kan ń gbé nǹkan bí gíráàmù 1.2 kásíọ̀mù àti nǹkan bí gíráàmù kan fọsífọ́rọ́ọ̀sì jáde. Bí oúnjẹ kò bá pèsè èyí, abo màlúù tí ń fún ọmọ lọ́mú yóò yá a láti inú egungun ara rẹ̀. Àwọn àgbà ní inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Inú ilẹ̀ dúdú ni wàrà funfun náà ti ń jáde. Ìkòkò tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ kò lè fún ni ní ẹ̀kọ.

Àwọn àmì tí ó yẹ kí a kíyè sí

- *Fọsífọ́rọ́ọ̀sì:* màlúù kì í jẹun dáadáa, ó ń rù, ó ń rìn gan-gan, ó ń jẹ egungun, ó sì ń pẹ́ kí ó tó tún lóyún.
- *Sódíọ̀mù:* ó ń lá igi, erùpẹ̀, ìtọ̀ àti òógùn ara ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.
- *Bàbà:* àwọ̀ irun ń ṣá, pàápàá ní àyíká ojú. Ẹ̀jẹ̀ kì í tó lára.
- *Kóbáàtì:* ó ń rù bí oúnjẹ tilẹ̀ pọ̀.
- *Áyódíìnì:* wọ́n ń bí ọmọ màlúù pẹ̀lú gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn, tàbí kí ọmọ náà má lágbára.
- *Síńkì:* awọ ara ń le, ó ń ṣí pẹ́pẹ́, pátákò kò sì dára.
- *Magnísíọ̀mù:* ara ń gbọ̀n, ẹran ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì lè ṣubú lójijì.

Àmọ́ gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Aràn, àrùn kòkòrò ìrù ẹṣin àti ebi lásán lè mú màlúù rù bákan náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àìtó èròjà kì í tilẹ̀ fi àmì kankan hàn ju pé abo kì í tètè lóyún, tí ọmọ kì í sì í tètè dàgbà lọ. Ẹni tí ó bá ń fi ojú nìkan wò lè máa ra abẹ́rẹ́ lọ́dọọdún fún àìsàn tí ilẹ̀ ń fà.

Màlúù tí ń jẹ egungun: ẹ̀kọ́ láti Gúúsù Áfíríkà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní lamsiekte ń pa màlúù ní Gúúsù Áfíríkà. Ẹran á dùbúlẹ̀, apá àti ẹsẹ̀ á rọ, á sì kú. Oníṣègùn ẹran kan, Arnold Theiler, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lé e lórí ní Armoedsvlakte, nítòsí ìlú Vryburg. Ohun tí wọ́n rí ni pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní fọsífọ́rọ́ọ̀sì tó, koríko ibẹ̀ kò sì ní in tó. Nítorí èyí ni màlúù fi ń wá egungun òkú ẹran jẹ ní pápá. Lára egungun wọ̀nyẹn ni májèlé kan wà, èyí tí kòkòrò àìfojúrí ń ṣe nínú òkú ẹran tí ń jẹrà. Májèlé náà ni ó ń pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n fún màlúù ní egungun lílọ̀ tí a ti sè mọ́, ìfẹ́ egungun jíjẹ dín kù, ikú dín kù, ẹran sì sanra.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ fún wa ṣe kedere. Bí ẹ bá rí màlúù tí ń jẹ egungun, ẹ má ṣe kà á sí ìwà lásán. Ìkìlọ̀ ni. Ẹ jó òkú ẹran tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jinlẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí egungun wà káàkiri inú ọgbà.

A kò gba ẹnikẹ́ni ní ìmọ̀ràn láti máa lọ egungun tútù fún màlúù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti dá àrùn wèrè màlúù mọ̀ ní ọdún 1986, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹran àti egungun ṣe ni ó tàn án kálẹ̀, ìjọba ibẹ̀ sì fòfin de fífún màlúù àti àgùntàn ní irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1988. Èyí tí àwọn oníṣòwò oúnjẹ ẹran ń pè ní DCP, tí fọsífọ́rọ́ọ̀sì àti kásíọ̀mù wà nínú rẹ̀, ni ó dára jù.

Ṣé káún àti iyọ̀ kò tó?

Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn Fúlàní inú gáà ti ń fún màlúù ní káún, ohun rere sì ni. Sódíọ̀mù pọ̀ nínú káún, ó sì pọ̀ nínú iyọ̀ ọbẹ̀. Èròjà tí koríko wa kò ní tó ni. Ṣùgbọ́n káún àti iyọ̀ kì í fúnni ní fọsífọ́rọ́ọ̀sì tó. Òkúta mábù àti ìkarahun ní kásíọ̀mù, síbẹ̀ wọn kò ní fọsífọ́rọ́ọ̀sì tí a lè gbọ́kàn lé. Màlúù tí ó ń lá iyọ̀ tọkàntọkàn lè má rí ohun tí egungun rẹ̀ ń wá. Nígbà tí ẹ bá ń ra òkúta iyọ̀ lílá lọ́jà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Bí a kò bá dárúkọ fọsífọ́rọ́ọ̀sì, bàbà, kóbáàtì, síńkì àti áyódíìnì níbẹ̀, iyọ̀ lásán ni ẹ rà. Ẹ má sì fún màlúù ní iyọ̀ níbi tí omi mímu kò bá tó.

Májèlé náà ń gba ọ̀nà kan náà

Ọ̀nà tí ohun rere ń gbà ni ohun búburú ń gbà. Ní ọdún 2010, òjé tí ó tú jáde níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta góòlù ní Ìpínlẹ̀ Zamfara ba ilẹ̀ àwọn abúlé kan jẹ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ni ó sì kú. Òjé yìí náà ni ó wà nínú bátìrì ọkọ̀. Màlúù fẹ́ràn láti máa lá bátìrì tí ó ti fọ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì lè pa á. Òjé máa ń kó jọ sínú egungun, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín, ẹni tí ó bá jẹ ẹran náà sì lè jẹ nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe da bátìrì, epo ọkọ̀ àlòkù tàbí pàǹtírí ilé iṣẹ́ sí ibi tí ẹran ń jẹ̀.

Ohun tí a mú, kí a dá a padà

Púpọ̀ nínú èròjà tí màlúù jẹ ni ó ń padà sílẹ̀. Inú ìgbẹ́ ni fọsífọ́rọ́ọ̀sì àti kásíọ̀mù ń bá jáde jù. Inú ìtọ̀ ni pọ̀tásíọ̀mù ń bá jáde jù. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé wọn kì í padà sí ibi tí a ti mú wọn. Màlúù ń jẹ̀ káàkiri pápá ní ọ̀sán, ó sì ń sùn sójú kan ní òru. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ilẹ̀ ibùsùn á lọ́ràá jù, pápá á sì ṣá.

Ohun mìíràn kì í padà rárá. Màlúù tí ó wọn 300 kílógíráàmù, nígbà tí a bá tà á, ń kó nǹkan bí kílógíráàmù 2 fọsífọ́rọ́ọ̀sì àti nǹkan bí kílógíráàmù 4 kásíọ̀mù lọ nínú ara rẹ̀. Àpò ajílẹ̀ 15-15-15 tí ó wọn 50 kílógíráàmù ní fọsífọ́rọ́ọ̀sì tí ó lé díẹ̀ ní kílógíráàmù 3. Ilẹ̀ kíkan á tún gbá púpọ̀ mú nínú èyí. Ẹni tí ó bá ń ta màlúù lọ́dọọdún láti inú ọgbà kan, tí kò dá nǹkan kan padà, ilẹ̀ rẹ̀ ni ó ń tà díẹ̀díẹ̀.

Iná ìgbẹ́ tún wà níbẹ̀. Bí a bá jó pápá, eérú á kó kásíọ̀mù, pọ̀tásíọ̀mù àti fọsífọ́rọ́ọ̀sì sílẹ̀, koríko tuntun tí ó yọ á sì dára lẹ́nu ẹran. Àmọ́ náítírójìn àti imí-ọjọ́ ti bá èéfín lọ, òjò àkọ́kọ́ sì lè wẹ eérú náà sínú odò.

Ohun tí ọlọ́sìn lè ṣe

1. Ẹ yẹ ilẹ̀ wò kí ẹ tó sọ ọgbà. Ẹ bu erùpẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ojú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, ẹ pò wọ́n pọ̀, ẹ sá wọn ní ibòòji, kí ẹ sì kọ orúkọ ibi tí ẹ ti bù ú sí i. Ẹ má ṣe da ti orí òkè pọ̀ mọ́ ti àkùrọ̀.
2. Ẹ yẹ koríko wò lẹ́ẹ̀mejì, ní àsìkò òjò àti ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Apá tí màlúù ń jẹ gan-an ni kí ẹ gé.
3. Bí ẹ bá pa màlúù, ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn ẹran bóyá ó lè mú ẹ̀dọ̀ àti egungun ìhà rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń sọ òtítọ́ nípa bàbà. Egungun ni ó ń sọ ti fọsífọ́rọ́ọ̀sì.
4. Ẹ gbin ewéko ìdílé ẹ̀wà àti igi tí ẹran ń jẹ ewé rẹ̀ pọ̀ mọ́ koríko.
5. Ẹ gé koríko tọ́jú kí ó tó gbó, kí ẹ lè ní ohun tí ó dára fún ẹ̀ẹ̀rùn.
6. Ẹ pèsè èròjà lílá lábẹ́ òrùlé kékeré, kí òjò má baà yọ́ ọ dànù.
7. Ẹ kó ìgbẹ́ láti ibùsùn ẹran padà sí pápá, tàbí kí ẹ máa ṣí ibùsùn nípò.
8. Ẹ má ṣe fún àgùntàn ní èròjà tí a pò fún màlúù. Bàbà tí ó tọ́ sí màlúù lè pa àgùntàn.

A rọ gbogbo ẹni tí ó fẹ́ dá ọgbà ẹran sílẹ̀, àti àwọn tí ó ti ní in, láti kọ́kọ́ kàn sí ọ́fíìsì ètò ọ̀gbìn àti ti oníṣègùn ẹran ní ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Ní Ìbàdàn, ilé ìwádìí IAR&T wà ní Moor Plantation, níbi tí iṣẹ́ ìwádìí lórí ilẹ̀ àti ọ̀gbìn ti ń lọ lọ́wọ́ láti ọdún pípẹ́. Kí ẹ mú erùpẹ̀ tí ẹ bù dání nígbà tí ẹ bá ń lọ béèrè ìmọ̀ràn, kí ẹ sì mọ iye màlúù tí ẹ fẹ́ sìn àti bí ilẹ̀ náà ṣe tóbi tó. Owó àyẹ̀wò náà kéré sí iye owó màlúù kan.